Ọmọ ìyá méjì ń jà nínú ìjọ wa, ìjà náà sì ti wọ ẹgbẹ́ akọrin: báwo la ṣe máa là á?

Akọ̀wé Ìjọ

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín lórúkọ Jésù. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dá sí irú rẹ̀ rí gbà mí nímọ̀ràn lé lórí.

Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, ọkùnrin lẹ̀gbọ́n, obìnrin làbúrò. Látìgbà tí bàbá wọn ti dolóògbé ni ilé tó fi sílẹ̀ ti dá ìjà sáàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n ní òun lòun tọ́jú bàbá títí tó fi kú, òun náà lòun sì tún òrùlé ilé ṣe. Àbúrò ní òun ò rí àkọsílẹ̀ owó kankan, àti pé ayálégbé ti wọ apá kan ilé náà kí òun tó gbọ́. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin, àbúrò sì wà lára àwọn tó ń kọrin. Ẹgbẹ́ ti pín sí méjì báyìí. Bí àwọn tibí bá wọlé fún ìdánrawò, àwọn tọ̀hún á jókòó síta.

Pásítọ̀ wa pè wọ́n lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó gbàdúrà fún wọn, ó ní kí wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sì dì mọ́ra. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọ̀rọ̀ náà tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbìmọ̀ alàgbà wá ní kí èmi àti alàgbà kan bá wọn parí rẹ̀. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Àdúrà ń lọ, ẹ má ṣèyọnu nípa ìyẹn. Ohun tá a máa fọwọ́ ara wa ṣe ni mò ń bèèrè.

Ìyá Ìjọ

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ má tíì kó àwọn méjèèjì jókòó sójú kan o. Ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ nìyẹn. Àdúrà pásítọ̀ dáa, ṣùgbọ́n ta ló gbọ́ ẹjọ́ wọn kí wọ́n tó ní kí wọ́n dì mọ́ra? Ẹni tínú ń bí, tí wọ́n ní kó dì mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ níwájú pásítọ̀, kí ló fẹ́ ṣe? Á dì mọ́ ọn, inú tó ń bí i á sì bá a délé.

Ẹ gbọ́ tẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ìwọ àti alàgbà jọ wà níbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe 18:17 náà sọ ọ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ rojọ́ máa ń dà bí ẹni tó jàre, títí ẹnì kejì á fi dé. Torí náà, bí ẹ bá gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n tán, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ti àbúrò. Bó bá pẹ́, ẹ ó ti máa gbèjà ẹni tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ láìfura.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Màá jẹ́ kó sọ tinú rẹ̀ tán, mi ò ní dá a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà màá tún un sọ sí i létí: "Bí mo ṣe gbọ́ ọ, owó ilé kọ́ ló dùn ọ́ jù, bí wọ́n ṣe kó ayálégbé wọlé láì bi ọ́ ló dùn ọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, màá ní kó tún un ṣàlàyé fún mi. Ẹ ó rí i tára rẹ̀ á balẹ̀ nígbà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, láìsí ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n fi há a mọ́ ògiri. Ìgbà yẹn ni màá tó bi í pé ibo ló fẹ́ kọ́rọ̀ náà já sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò tíì ro ìyẹn rí. Ohun tí wọn ò fẹ́ nìkan ni wọ́n mọ̀.

Agbẹjọ́rò nínú Ìjọ

Ẹ ṣé é, Mà. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kó yé gbogbo yín láti ìbẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Onílàjà kì í dájọ́. Ó ń ran àwọn tó ń jà lọ́wọ́ kí àwọn fúnra wọn lè rí ojútùú, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè kọ̀. Ti ìdájọ́ yàtọ̀: àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé ohun tí àwọn tí wọ́n yàn bá ti sọ, abẹ gé. Méjèèjì ló ní àyè tiwọn nínú ìjọ. Ken Sande, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá Peacemaker Ministries, àjọ Kristẹni tó ń bá èèyàn parí ìjà, sílẹ̀ ní 1982, bí wọ́n sì ṣe to ọ̀rọ̀ náà nìyí: ẹ kọ́kọ́ kọ́ ẹnì kan bó ṣe máa lọ bá ẹnì kejì fúnra rẹ̀, bí kò bá yanjú, ẹ wá onílàjà, bí ìyẹn náà ò bá tó, kí àwọn kan dá ẹjọ́ náà. Ohun tó léwu ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ bí onílàjà kí ẹ wá parí rẹ̀ bí adájọ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá dá lẹ́bi á ní ẹ tan òun ni, òótọ́ ló sì sọ.

Èkejì, ìwé. Ṣé bàbá ṣe ìwé ìhágún? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilé? Ẹ̀gbọ́n ní òun tún òrùlé ṣe, rìsíìtì dà? Èló ni ayálégbé ti san, ta ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ti rí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Mo ti rí ìjà tó jẹ́ pé ojú ìwé kan ṣoṣo ló pa ìdajì rẹ̀. Ìjọ ò sì lágbára láti pín ohun ìní òkú lọ́nà tí òfin ò fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá ṣàdéhùn lórí ilé, kí agbẹjọ́rò ẹnì kọ̀ọ̀kan wò ó kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ẹ rántí pé ẹnì kan bẹ Jésù pé kó sọ fún arákùnrin òun kó pín ogún fún òun, ó sì kọ̀ láti ṣe adájọ́ wọn. Ojúkòkòrò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ló mú sọ. Ó wà nínú Lúùkù 12. Ẹ̀yin náà, ẹ wádìí ìdí.

Olùṣọ́ Àgùntàn Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ẹnì kan máa tó mú Mátíù 18 wá, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, torí wọ́n ti fi ẹsẹ yẹn ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn léṣe. Ẹsẹ 15 sí 17 ni gbogbo wa mọ̀: lọ bá a ní ìwọ àti òun nìkan, mú ẹnì kan tàbí méjì dání, sọ fún ìjọ. Àwọn kan ti sọ ọ́ di ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lé èèyàn jáde, wọ́n á sáré gba ipele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wo ohun tó yí i ká. Àgùntàn tó sọnù ló ṣáájú rẹ̀, tí olówó rẹ̀ fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Ìbéèrè Pétérù ló tẹ̀ lé e, pé ẹ̀ẹ̀melòó lòun á dárí ji arákùnrin òun. Kí wọ́n lè jèrè arákùnrin padà ni gbogbo ìrìn yẹn wà fún.

Ẹ tún ka Mátíù 5:23 àti 24 mọ́ ọn. Níbẹ̀, ẹni tó rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan nínú sí òun ni wọ́n ní kó fi ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ kó lọ bá a. Nínú orí 18, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ. Àwọn méjèèjì ni Olúwa rán níṣẹ́. Ẹni tó bá ń dúró pé "kó kọ́kọ́ wá bá mi" ti kọ̀ láti jẹ́ iṣẹ́ náà, yálà òun ló jàre tàbí òun kọ́.

Lọ́rọ̀ ti kóòtù, 1 Kọ́ríńtì 6, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti bá àwọn ará tó ń pe ara wọn lẹ́jọ́ níwájú àwọn aláìgbàgbọ́ wí, ṣì wà níbẹ̀ o. Àwọn àgbà sì ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Agbẹjọ́rò nínú Ìjọ

Bàbá, mo gbà pẹ̀lú yín pé ará ò gbọdọ̀ sáré pe ará lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀. Bí ẹni tó kú ò bá ṣe ìwé ìhágún, ó lè jẹ́ kóòtù nìkan ló lè fún àwọn ọmọ ní ìwé àṣẹ láti ṣàkóso ohun tó fi sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mi ò fẹ́ kí ìjọ máa fi 1 Kọ́ríńtì 6 dẹ́rù ba opó tàbí àbúrò tó kàn fẹ́ mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tó ń bí Pọ́ọ̀lù nínú ní orí náà gan-an ni pé àwọn ará ń rẹ́ ara wọn jẹ. Ẹsẹ 8 ni kí ẹ kà.

Ẹni Tó Là Á Já

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ó dáa, ṣùgbọ́n ohun kan wà tẹ́nikẹ́ni ò tíì mẹ́nu kàn.

Ọkọ mi máa ń lù mí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn aṣáájú ìjọ tí mo wà nígbà náà, wọ́n kó wa jókòó sójú kan, wọ́n ní kí n sọ tẹnu mi níwájú rẹ̀. Kí lẹ rò pé mo lè sọ, nígbà tó jẹ́ pé òun la jọ ń padà sílé? Mo ní èmi náà máa ń yájú. Wọ́n ní kí n tẹrí ba, kí òun náà ní sùúrù, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìyà tó jẹ mí lóru ọjọ́ yẹn, ẹnu mi ò lè sọ ọ́.

Ẹ dákun, ẹ̀yin onílàjà, ìlàjà wà fún àwọn méjì tó lè wo ojú ara wọn kí wọ́n sì sọ òótọ́. Níbi tí ẹnì kan ti ń na ẹnì kejì, tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tó di gbogbo ọ̀nà owó mọ́ ọn, ẹ má mú wọn jókòó papọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé ẹni tí wọ́n ń ṣe léṣe lọ síbi tó ti lè sùn láìbẹ̀rù. Tó bá sì jẹ́ ọmọdé ni wọ́n fọwọ́ kàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ alàgbà rárá, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti àwọn aláṣẹ tó ń dáàbò bo ọmọ ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má bò ó mọ́lẹ̀ lórúkọ ìdáríjì.

Akọ̀wé, mi ò sọ pé bí tiyín ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá pe àbúrò yẹn lọ́tọ̀, ẹ bi í tààrà: "Ṣé ẹ̀rù ẹnikẹ́ni ń bà ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Kí ẹ sì dákẹ́ kó lè dáhùn.

Ìyá Ìjọ

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Òótọ́ lo sọ, ó sì dùn mí pé ìjọ ló ṣe é sí ọ. Èmi náà ti fi kún un: bí èèyàn bá ń wo ojú ẹnì kejì kó tó dáhùn ìbéèrè tẹ́ ẹ bi í, ẹ dá ìpàdé yẹn dúró.

Akọ̀wé Ìjọ

Ẹ ṣeun gan-an, ní pàtàkì ìwọ arábìnrin wa. A ti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì lọ́tọ̀. A bi àbúrò ní ìbéèrè náà, ó ní ẹ̀rù ò ba òun. Ohun tó sọ ni pé pásítọ̀ àti ẹ̀gbọ́n òun jọ ń jẹun ni, pé ibi yòówù ká fi ọ̀rọ̀ náà sí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ló máa tẹ̀ sí. Alàgbà tá a jọ ń ṣe é sì jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá wọn. Ẹ̀gbọ́n ní tiẹ̀ ní tí kì í bá ṣe àwọn kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tó ń kó sí àbúrò òun nínú, àwọn ò bá ti yanjú ẹ̀ tipẹ́.

Olùṣọ́ Àgùntàn Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ẹ wá ẹnì kan láti ìta, láti ìjọ mìíràn, ẹni táwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Kí ẹ̀gbọ́n dárúkọ ẹni mẹ́ta, kí àbúrò dárúkọ mẹ́ta, ẹ mú ẹni tó bá wà nínú ti àwọn méjèèjì. Bí kò bá sí, ẹ tún un ṣe. Alàgbà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá wọn lè wúlò gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ohun tí bàbá sọ nígbà ayé rẹ̀, àmọ́ kó yẹ̀ lórí àga onílàjà.

Pásítọ̀ yín náà ò gbọdọ̀ bínú sí i. 1 Tímótì 5:21 ní ká má ṣe ohunkóhun pẹ̀lú ojúsàájú, ẹni tó bá sì fẹ́ràn ìjọ rẹ̀ á fara mọ́ ọn kí ẹlòmíì jókòó níbẹ̀. Nígbà tí Euodia àti Sintike ń jà ní Fílípì, ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù ṣe ṣe é: gbólóhùn kan náà ló fi bẹ àwọn méjèèjì, ó pe orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kò sọ ẹni tó jẹ̀bi, ó wá bẹ ẹnì kan tó wà nílé níbẹ̀ pé kó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó tún rán gbogbo ìjọ létí pé àwọn obìnrin náà ti bá òun ṣe làálàá nínú ìhìn rere.

Ọmọ Ẹgbẹ́ Akọrin

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa akọrin, torí ibẹ̀ ni mo wà. Ìjà ẹgbẹ́ kì í kú bí ìjà ìdílé bá kú. Àwọn tó ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ tí wọn ò lè kó jẹ. Ẹ má rò pé bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá rẹ́, àwa tó kù á kàn máa kọrin lọ.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ níbi tí mo wà ni pé ìpàdé méjì ni wọ́n ṣe, wọn ò da ọ̀rọ̀ ilé pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Nígbà tọ́rọ̀ ẹgbẹ́ sì dé, ó hàn pé ẹ̀dùn ọkàn ti wà nílẹ̀ tipẹ́ tí kò kan ìdílé kankan: ẹni kan náà ló ń yan orin, òun ló ń yan ẹni tó máa dá kọrin, òun ló tún ń tọ́jú owó. Wọ́n pín iṣẹ́ náà. Ìṣe 6 gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì kùn pé wọ́n ń fojú fo àwọn opó àwọn nínú ìpín ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì ò ní kí wọ́n yé kùn, wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje sídìí iṣẹ́ náà, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo àwọn méje yẹn ń jẹ́.

Ẹ sì bá wa pa WhatsApp ẹgbẹ́ mọ́ ẹnu díẹ̀. Kí wọ́n fi ìkéde ìdánrawò nìkan síbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú.

Ìyá Ìjọ

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ ìpàdé: ẹ̀bẹ̀. Ẹ kọ́ wọn lẹ́bẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. "Bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, má bínú" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. "Mo ti tọrọ àforíjì, àmọ́ ìwọ náà..." kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n sọ ohun tó ṣe lórúkọ: "Mo kó ayálégbé wọlé láìsọ fún ọ. Mo mọ̀ pé ó mú kó dà bíi pé o kì í ṣe ọmọ bàbá. Kò yẹ kí n ṣe é." Kó wá dákẹ́. Kí àbúrò náà sọ tiẹ̀, ohun tó ti sọ lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ lè ní òun fẹ́ rò ó, ẹ má fipá mú un dáhùn lójú ẹsẹ̀.

Ìdáríjì ò sì ní kí wọ́n má san ohun tó yẹ kí wọ́n san. Sákéù ní òun á san án padà nílọ̀ọ́po mẹ́rin. Pọ́ọ̀lù bẹ Fílémónì pé kó gba Ónísímù, ẹrú rẹ̀, bí arákùnrin, ó sì ní bó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, kó kà á sí òun lọ́rùn.

Agbẹjọ́rò nínú Ìjọ

Mà, ẹ ti sọ ọ́ débi tó yẹ. Ní 1974, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ba ohun ìní èèyàn méjìlélógún jẹ́ lóru ọjọ́ kan ní Elmira, ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Mark Yantzi, òṣìṣẹ́ kóòtù tó jẹ́ ọmọ ìjọ Mennonite, dábàá fún adájọ́ pé kí wọ́n mú wọn lọ bá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé, wọ́n fojú rinjú pẹ̀lú wọn, wọ́n sì san owó ohun tí wọ́n bà jẹ́. Láti ibẹ̀ ni irú ìlàjà láàárín ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ti tàn dé orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí wọ́n tó dìde, lọ́rọ̀ ẹnu tiwọn. "A ó máa fìfẹ́ bá ara wa lò" kò tó. Ta ni yóò máa gba owó ayálégbé, ọjọ́ wo ni yóò fi àkọsílẹ̀ han ẹnì kejì, báwo ni wọ́n ṣe máa yọ owó òrùlé. Kí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò náà wà nínú rẹ̀. Bí wọn ò bá sì gbà lórí ohun kan, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ábúráhámù àti Lọ́ọ̀tì pínyà láìbá ara wọn jà. Bánábà àti Pọ́ọ̀lù pínyà nítorí Máàkù, ọdún púpọ̀ ló sì kọjá kí Pọ́ọ̀lù tó kọ̀wé sí Tímótì pé kó mú Máàkù wá, pé ó wúlò fún òun.

Akọ̀wé Ìjọ

Ẹ kú ìdúró tì wá. A ti rí alàgbà kan láti ìjọ mìíràn tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn táwọn méjèèjì kọ. Ẹ̀gbọ́n ti gbà kí igbákejì rẹ̀ máa darí ẹgbẹ́ akọrin títí ọ̀rọ̀ á fi parí, ó sì ń wá àwọn rìsíìtì. Ìbéèrè kan ló kù: ọkọ àbúrò ní dandan, òun máa wà níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbọ́, ó ní òun náà ń bọ̀.

Ìyá Ìjọ

Ẹ gbọ́ tẹnu àwọn náà lọ́tọ̀, kí wọ́n má bàa rò pé ẹ fojú tín-ín-rín wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kí àwọn ọmọ ìyá méjèèjì nìkan wọlé pẹ̀lú àwọn onílàjà, kí ọkọ àti ìyàwó wà nítòsí. Bí àdéhùn bá ti wà lórí ìwé, ẹ pè wọ́n wọlé kí wọ́n kà á kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Àwọn ni wọ́n jọ máa sọ ọ́ lórí ibùsùn, ó sàn kí wọ́n bi yín léèrè níbẹ̀.